Ohun Tí Ikùn Ń Pè Ní Oúnjẹ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín ní ọ̀sán gangan kí ẹ lè wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ òògùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́, tí mo sì fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ níbi tí ìbéèrè yín ti fi hàn mí pé mo sáré kọjá. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: àsìkò tó yẹ kí ẹni tí ọgbẹ́ inú tàbí omi kíkan inú ń yọ lẹ́nu máa lo òògùn rẹ̀, àti bí àsìkò náà ṣe so mọ́ oúnjẹ.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní ọjà Ouando níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, wá bá mi ní fàmásì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì da àpò ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì níwájú mi. Omeprazole wà níbẹ̀, èyí tí dókítà kọ fún un nítorí ọgbẹ́ inú. Òògùn ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Òògùn olómi funfun kan wà níbẹ̀, irú èyí tí a ń mì jìgìjìgì kí a tó dà á sínú ṣíbí, pẹ̀lú kálísíọ̀mù tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé. Ó ní ó ti lé ní oṣù méjì tí òun ti ń lò wọ́n láìfo ọjọ́ kan, síbẹ̀ àyà òun ń jó bí ẹni pé òun kò lo nǹkan kan, òyì sì ń kọ́ òun bí òun bá dìde. Mo bi í bí ó ṣe ń lò wọ́n. Ó ní, “Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń kó mì lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí n má baà gbàgbé.” Mo ní, àárọ̀ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “N kì í jẹun láàárọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀kọ gbígbóná ife kan àti àkàrà mẹ́ta ni mo máa ń fi panu.”

Ọ̀rọ̀ “panu” yẹn mú mi ronú ju gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá náà lọ. Lẹ́nu wa, ohun tí a ń pè ní oúnjẹ ni èyí tó ní òkèlè, tí a ń fọwọ́ kí a tó jókòó tì. Ìpanu ni ìyókù: ẹ̀kọ mímu, búrẹ́dì àti kọfí, ẹ̀pà tí a ń họ jẹ nídìí àtẹ, wàrà Fúlàní tí a dín. Ẹni tó ti ń panu láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán yóò fi òótọ́ inú sọ fún yín pé òun kò tíì jẹun. Ẹnu lè pín in bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn kò mọ òkèlè yàtọ̀ sí ìpanu. Ohunkóhun tó bá kọjá ọ̀fun tí kì í ṣe omi lásán, oúnjẹ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ “kí o tó jẹun” nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí o tó fi ohunkóhun sẹ́nu ni mo ń wí.

Ìwé tí dókítà ń kọ kì í sábà ràn wá lọ́wọ́ nípa èyí. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì máa ń kúrú. “Matin, midi, soir” (àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́) kò sọ bóyá kí inú ṣófo tàbí kí o ti yó. Àwa tí a wà nídìí fàmásì ni a máa ń fi bírò kọ ìyókù sára páálí òògùn, kò sì ní pẹ́ tí páálí náà yóò fi di ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré. Bàbá àfáà kan tilẹ̀ gbé òògùn rẹ̀ wá bá mi nígbà kan, tí wọ́n kọ “à jeun” sí i, èyí tó túmọ̀ sí pé kí inú ṣófo. Ó ní òun ń tọ́jú rẹ̀ de oṣù Ramadan, nítorí pé ààwẹ̀ ni òun mọ “jeûne” sí. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òògùn náà ti wà nínú àpótí fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí n tó máa bá ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, “lẹ́yìn oúnjẹ” ni mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn lórí gbogbo òògùn, nítorí mo ń bẹ̀rù kí òògùn má lọ máa ta wọ́n nínú, kí wọ́n sì padà wá bú mi. Ìmọ̀ràn náà dára fún òògùn mélòó kan. Ó sọ òmíràn di ohun tí a kàn ń náwó sí lásán, omeprazole sì ni olórí wọn.

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí omeprazole, nítorí nígbà tí mo ní kí ẹni tó ń lò ó nawọ́, ọwọ́ tó gòkè ju ìdajì yín lọ. Ọdún 1988 ni ó kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn aláìsàn ní Yúróòpù, láti orílẹ̀-èdè Sweden. Lára ògiri àpòlúkù wa ni àwọn pọ́ǹpù tíntìntín kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tú omi kíkan jáde tí a fi ń dá oúnjẹ. Bí inú bá ṣófo, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sùn. Ìgbà tí oúnjẹ bá dé ni wọ́n máa ń jí, tí wọ́n á yọ sí ojú iṣẹ́. Omeprazole kò lè mú pọ́ǹpù tó ń sùn, èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni agbára rẹ̀ ká. Òun fúnra rẹ̀ kì í sì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Bí ẹ bá wá lò ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ẹ tó jẹun, yóò ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ de àwọn pọ́ǹpù wọ̀nyí, bí wọ́n bá sì ṣe ń jí ni yóò máa mú wọn. Èyí tó bá mú kò tún ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí ara yóò fi ṣe tuntun rọ́pò rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìtura fi ń wà di ọjọ́ kejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé òògùn ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tó sì lọ sùn, ńkọ́? Oúnjẹ yóò dá òògùn náà dúró nínú àpòlúkù, nígbà tí yóò bá sì fi dé inú ẹ̀jẹ̀, àwọn pọ́ǹpù ti ń padà lọ sùn. Ó dà bí olùṣọ́ tó dé ọjà nígbà tí ọjà ti tú.

Kì í mú gbogbo pọ́ǹpù lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí agbára rẹ̀ tó kún, nítorí náà ẹni tó ń lo ẹyọ kan ní ọjọ́ tí inú bá ta á, tó sì fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ara bá yá, kò tíì jẹ́ kí òògùn náà ṣiṣẹ́ rí. Ẹ sì má ṣe rún un lẹ́nu. Bí ẹ bá tú kápúsù náà, ẹ ó rí wóró kéékèèké tó jọ ẹyin ẹja. Wọ́n fi nǹkan bo wóró kọ̀ọ̀kan kí omi kíkan inú má baà pa á kí ó tó dé ìfun. Ẹni tí kò lè gbé kápúsù mì lè tú wóró náà sínú omi ọsàn díẹ̀, kí ó sì gbé e mì lójú ẹsẹ̀ láìrún un. Mo ti rí ẹni tó lọ̀ ọ́ kúnná pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ fún ìyá rẹ̀ àgbà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìbòrí wóró náà ni ó lọ̀ dànù.

Ìyá ẹlẹ́kọ wa kò ní aago lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kí fóònù máa dún sí òun. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin òru ni ó ń jí dáná ẹ̀kọ ní ojoojúmọ́ ayé. Mo ní kí ó gbé omeprazole mì pẹ̀lú ife omi kan nígbà tó bá ń dáná. Kí ẹ̀kọ tó jinná, kí àkàrà tó tutù díẹ̀, wákàtí kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, láìwo aago. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ti ẹ̀ẹ̀kejì ni kí o lò kí o tó jẹun alẹ́, kì í ṣe nígbà tí o bá ń tẹ́ ẹní.

Òògùn olómi funfun yàtọ̀ sí èyí pátápátá, àìmọ̀ ìyàtọ̀ náà sì ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn máa lo méjèèjì pọ̀. Omi kíkan tó ti wà nílẹ̀ ni òun ń pa, lọ́gán, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń bu omi paná. Bí o bá mu ún nígbà tí inú ṣófo, inú yóò tú u dànù láìpẹ́, kò sì ní tó wákàtí kan tí àyà yóò tún fi máa jó. Bí o bá mu ún ní wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, oúnjẹ yóò dì í mú, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń di òògùn mìíràn mú, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí 2, ó kéré tán, láàárín òun àti òògùn mìíràn. Àwọn àgbà wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́, káún ni wọ́n ń lò. Káún náà máa ń pa omi kíkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, òun náà kò sì yẹ kí ó bá òògùn wọ ikùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wá dé orí òògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó fún mi níṣẹ́ jù nínú ọ̀rá ìyá náà. Irin ni ó wà nínú rẹ̀, irin sì ń fẹ́ omi kíkan kí ó lè yòrò kí ìfun tó lè gbà á. Ẹ wò ó: òògùn kan ń dá omi kíkan dúró nítorí ọgbẹ́, òògùn kejì ń bẹ̀bẹ̀ fún omi kíkan nítorí ẹ̀jẹ̀, ìyá náà sì ń kó méjèèjì mì pọ̀, ó tún bu òògùn funfun lé wọn, ó wá fi kálísíọ̀mù dé e lórí. Kálísíọ̀mù àti irin kì í gba ẹnu ọ̀nà kan náà láìjà. Tíì àti kọfí náà máa ń di irin mú, wàrà pẹ̀lú. Abájọ tí òyì fi ń kọ́ ọ. Ìgbà tí irin dára jù ni àárín oúnjẹ méjì, nígbà tí inú ti fúyẹ́, pẹ̀lú ọsàn tàbí ohun mìíràn tó ní fítámì C, nítorí fítámì C ń ran irin lọ́wọ́ láti wọlé. Obìnrin tó ń ta ọsàn wà ní ìdojúkọ àtẹ rẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀ ni a mú fún òògùn ẹ̀jẹ̀ àti ọsàn bíbó kan. Bí ó bá ta á nínú jù, kí ó fi nǹkan kékeré tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe wàrà. Ó sàn kí irin wọlé díẹ̀ ju pé kí ó jù ú nù.

Àwọn kan bi mí pé ṣé bí àwọn bá lo méjì lóòjọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní yára pọ̀ ni? Ó ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Bí irin bá ti wọ ara, ẹ̀dọ̀ máa ń rán oníṣẹ́ kan jáde tí yóò ti ilẹ̀kùn ìfun mọ́ irin mìíràn fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kan fi ń kọ ọ́ ní ọjọ́ kan, kí wọ́n fo ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe yí i padà fúnra yín o, ẹ béèrè.

Kálísíọ̀mù lọ sí ọ̀dọ̀ òkèlè ọ̀sán, jìnnà sí irin, nítorí irú èyí tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ oúnjẹ kí ó tó lè yòrò dáadáa. Mo sì rán ìyá náà padà sí ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ọgbẹ́ inú lè máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, kò sì sí ètò àsìkò tó lè dí ihò bẹ́ẹ̀. Òògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kí ìgbẹ́ dúdú, ìyẹn kò ní kí a sá. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tó ń rùn gidigidi, tàbí èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn, lọ́jọ́ náà, kì í ṣe fàmásì.

Ẹnìkan láàárín yín sọ pé ata ló fa ọgbẹ́ inú òun. Ata lè ta ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí kan àti òògùn ìrora ni wọ́n ń dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Barry Marshall àti Robin Warren, àwọn dókítà méjì ní Ọsirélíà, ni wọ́n fi kòkòrò náà hàn ayé. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe iyèméjì, Marshall gbé e mu ní ọdún 1984, ògiri àpòlúkù rẹ̀ sì wú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel dé ọwọ́ àwọn méjèèjì ní 2005. Ẹni tí àyẹ̀wò bá rí kòkòrò yìí lára rẹ̀ yóò gba oríṣi òògùn apakòkòrò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú omeprazole tàbí ẹbí rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà fún ọjọ́ 14. Omeprazole ṣì ń ṣáájú oúnjẹ. Àwọn apakòkòrò sábà máa ń bá oúnjẹ rìn kí èébì má baà gbé ènìyàn. Bí metronidazole bá wà lára wọn, sódábì, ìyẹn ògógóró, di èèwọ̀, títí kan àgbo tí a fi sódábì rẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí ọtí. Àgbo àárọ̀ kùtù bẹ́ẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó ń kan ojú ọgbẹ́, kí ẹ rántí.

Ní ti òògùn ìrora bí ibuprofen, aspirin àti diclofenac, a máa ń ní kí ẹ lò wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, èyí kò sì burú, ó ń dín títa inú kù. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti jẹun yó máa ń rò pé òun ti bọ́. Kì í ṣe ibi tí òògùn náà fara kàn nínú ikùn nìkan ni ó ti ń ṣe ibi. Bí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń dá ohun tí ara fi ń bo ògiri àpòlúkù dúró, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún un yín. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n láìjẹ́ pé dókítà gbà. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ń tà ní ẹyọ ẹyọ lórí àtẹ, láìsí páálí, láìsí ìwé.

Òògùn ibà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ artemether-lumefantrine ń fẹ́ oúnjẹ tó ní ọ̀rá, nítorí láìsí ọ̀rá, díẹ̀ ni yóò wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ọgbẹ́ inú ń bà lẹ́rù tó ń fi omi ṣíṣàn nìkan gbé e mì ń fi ibà sílẹ̀ lára. Àkàrà, ẹ̀pà, wàrà, èyíkéyìí nínú wọn tó. Doxycycline, òògùn apakòkòrò kan, ń fẹ́ omi ife kíkún, kí ènìyàn sì wà ní ìjókòó tàbí ìdúró fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán, nítorí bí ó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè dá egbò síbẹ̀. Ciprofloxacin, apakòkòrò mìíràn, kórìíra wàrà, kálísíọ̀mù, irin àti òògùn olómi funfun.

Ní ti oṣù Ramadan, bàbá àfáà wa náà padà wá, ó sì béèrè dáadáa ní ọ̀tẹ̀ yìí. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù tàbí tó ti ṣẹ̀jẹ̀ kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí Kùránì fúnra rẹ̀, ní Súrà Bàkárà, ẹsẹ 184, fún aláìsàn láyè láti san ààwẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí dókítà gbà fún láyè lè fi omi àti omeprazole ṣínu, kí ó kírun Màgáríbì, kí ó jókòó díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó fà oúnjẹ mọ́ra. Bàbá náà ní ìyẹn rọrùn, pé àwọn ìyàwó òun ni kò ní gbà kí ọbẹ̀ máa tutù.

Ẹnìkan bi mí pé bí òun bá gbàgbé omeprazole ti àárọ̀ ńkọ́. Lò ó kí o tó jẹ oúnjẹ tó kàn, má sì lo méjì pọ̀ ní ọjọ́ kejì láti fi dí i.

Ìyá ẹlẹ́kọ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, àyà rẹ̀ ti rọ̀, ó sì ti so ike omeprazole mọ́ ibi tí ó ń fi ìṣáná sí. Ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè kan ń jẹ òun lọ́kàn, nípa ọ̀rọ̀ tí mo sọ pé ikùn kò mọ ìpanu. Ó ní bí òun bá ti dáná tán, òun gbọ́dọ̀ tọ́ ẹ̀kọ wò kí òun mọ̀ bóyá ó ti kan jù, ó sì máa ń tó ṣíbí mẹ́rin márùn-ún kí ó tó dá òun lójú. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ oúnjẹ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa bá a tọ́ ọ wò. Ó wò mí títí, ó ní ọmọ náà kò mọ ẹ̀kọ tó kan.